Bí pọ́ńdì ẹja wa ṣe di ọbẹ̀ ewédú, àti gbogbo iṣẹ́ tá a ti ṣe lórí ẹ̀ láti 2023

Mo ṣèlérí fáwọn ará wa tá a jọ ń dáko lápá Gwagwalada níbí pé màá kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá ṣàlàyé fún ẹnì kan lónìí, ẹlòmíì á tún pè mí lọ́la pé Baba, omi tiwa náà ti ń yí àwọ̀ o, kí la máa dà sí i. Ẹ má da nǹkankan sí i. Ẹ ka èyí tán ná kẹ́ ẹ tó náwó.

Bí ilẹ̀ ṣe rí nìyí. Oko wa ò ju hẹ́kítà kan àtààbọ̀ lọ, lójú ọ̀nà tó lọ sí Paikon Kore, ibi tíjọba ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ sí fáwọn màálù láti máa jẹko. Ilẹ̀ náà ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Òkè pátápátá ni gáà Alhaji wà, màálù bí ogójì ló ń sùn níbẹ̀ lálaalẹ́. Ìsàlẹ̀ gáà ni ilé adìyẹ wa, ẹlẹ́yin 400. Ìsàlẹ̀ ilé adìyẹ ni kànga, mítà 9 ni jíjìn ẹ̀. Pọ́ńdì ló wá tẹ̀ lé kànga, pọ́ńdì alámọ̀, mítà 20 lóòró, 15 ní ìbú, ẹ̀yìn ẹ̀ ni fadama, ilẹ̀ àkùrọ̀ tá a ń gbin tòmátò àti ata sí, kó tó kan odò kékeré tó ń ṣàn lọ bọ́ sínú Usuma, Usuma ń lọ bá Gurara, Gurara ń lọ bá Odò Ọya. Tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ wo bí mo ṣe tò ó yẹn, ẹ ti rí àìsàn náà. Èmi ò rí i fún ọdún mẹ́rin gbáko.

Oṣù kẹsàn-án, 2023

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń bá mi ṣiṣẹ́, òun àtìyàwó ẹ̀ ló ń gbé inú oko. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló pè mí: "Baba, ẹ máa bọ̀ o, ẹja ń lanu." Kí n tó gun ọ̀kadà débẹ̀, ilẹ̀ ti ń mọ́. Gbogbo epìyà ti gòkè sójú omi, wọ́n na ẹnu síta, wọ́n ń la á wọ́n ń pa á dé, èèyàn ń gbọ́ ọ, bí ìgbà tí òjò wínníwínní ń kán sórí ewé. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ wọ́n ti ń yí ikùn sókè. A kó èyí tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún lọ́jọ́ yẹn. Àrọ̀ inú pọ́ńdì kan náà ò kú, wọ́n kàn ń yọ orí gbé afẹ́fẹ́, wọ́n ń padà sísàlẹ̀, torí Ọlọ́run dá àrọ̀ pẹ̀lú ẹ̀yà tó lè fi mí afẹ́fẹ́ òkè. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó jẹ́ àmì fún mi pé afẹ́fẹ́ ló tán nínú omi, pé kì í ṣe pé ẹnì kan da májèlé sí i bí mo ṣe ń sọ kiri lọ́jọ́ yẹn.

Omi náà, àwọ̀ ẹ̀ ti di ewédú tí wọ́n fi ìjábẹ̀ já dáadáa. Mo ti apá bọ̀ ọ́, kó tó dé ọrùn ọwọ́ mi, mi ò rí ìka mi mọ́.

Ẹnì kan tó ń ta oògùn ẹja ní kí n da ìyẹ̀fun búlúù kan sí i, pé ọjọ́ méjì péré omi á mọ́ gaara. Mo rà á, mo dà á. Lóòótọ́ ni nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn kú, ó rì sísàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ohun tó bá sì ń jẹrà nínú omi, afẹ́fẹ́ inú omi náà ló ń jẹ. Lọ́jọ́ kẹta, ìyókù epìyà kú tán, àrọ̀ mélòó kan sì bá a lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní, torí owó yẹn, owó iléèwé ọmọ ni mo ti yọ ọ́.

Oṣù kẹwàá, 2023

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kàwé nípa ilẹ̀ wá kí wa, ó mú àwọn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání tí wọ́n fi ń yẹ omi wò, ẹ ó tì í bọ omi, ẹ ó dúró fún bí ìṣẹ́jú kan, ó bá yí àwọ̀, ẹ ó wá fi wé àwọ̀ tó wà lára ike ẹ̀. Mo rò pé pọ́ńdì ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó ní rárá, kànga ló kọ́kọ́ fẹ́ wò. Funfun ni bébà yẹn tó fi wọlé, ó jáde, ó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń pọ́n sí i, ó di àwọ̀ zobo. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike: ó ti kọjá 100 mílígíráàmù náítíréètì (ohun tí náítírójìn inú ìgbẹ́ àti ajílẹ̀ máa ń dà nínú ilẹ̀) nínú lítà kan, ó ń lọ sí 250. Òfin omi mímu ní Nàìjíríà àti ti àjọ ìlera àgbáyé, 50 ni wọ́n fi pààlà.

Ó béèrè pé ta ló ń mu omi yìí. Mo ní gbogbo wa. Ó ní ṣé ọmọdé wà níbẹ̀. Ìyàwó ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn ń jókòó ní ìwájú ilé adìyẹ pẹ̀lú ọmọ oṣù mẹ́ta lẹ́sẹ̀, fídà wà lọ́wọ́ ẹ̀, omi kànga yẹn ló fi po mílíìkì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ tì í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń wo ètè ọmọ náà àti èékánná ẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún wa pé ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà, náítíréètì máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ débi pé ẹ̀jẹ̀ ò ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara mọ́, ètè á máa dúdú bíi búlúù, ọmọ lè kú. Ìyá ọmọ ní àmọ́ òun máa ń sè é dáadáa. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù, torí kòkòrò ni sísè ń pa, kò lè yọ náítíréètì, bí omi bá ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò ni náítíréètì ń ki sí i. Álọ́ọ̀mù náà ò lè yọ ọ́. A dúpẹ́, kò tíì sí nǹkan tó ṣe ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ni à ń ra lójúmọ́ látọ̀dọ̀ ẹni tó ní borehole lápá òkè, ti ọmọ àti ti mímu. Èyí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tá a ṣe, kò sì gba bíríkìlà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá sọ̀rọ̀ pọ́ńdì. Ṣé ẹ mọ NPK tá à ń rà ní àpò àpò, N yẹn ni náítírójìn, P yẹn ni fọsífọ́rọ́ọ̀sì, méjèèjì ló kún inú ìgbẹ́ ẹran. Ohun tó ń mú àgbàdo dú minimini náà ló ń mú ewé omi, ìyẹn nǹkan wínníwínní aláwọ̀ ewé tó sọ omi wa di ewédú, hù bo ojú pọ́ńdì. Lọ́sàn-án, ewé omi yìí ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nítorí oòrùn, tí ilẹ̀ bá ṣú òun náà á máa mí, á máa fa afẹ́fẹ́ kan náà, nígbà tó bá fi máa di ìdájí kò ní sí nǹkan tó kù fún ẹja. Ìdí tẹ́ja fi ń kú kílẹ̀ tó mọ́ nìyẹn.

Ó tún sọ ohun kan tó yí gbogbo èrò mi padà: N àti P ò gba ọ̀nà kan náà wọlé. Náítíréètì máa ń yọ́ sínú omi bíi iyọ̀, á wọlẹ̀ lọ bá kànga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Fọsífọ́rọ́ọ̀sì ní tiẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, ó dìgbà tí àgbàrá bá gbé ẹrẹ̀ kó tó rìn. Torí náà àìsàn méjì la ní, ìtọ́jú méjì la sì máa ṣe.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tó ní ká ṣírò ìgbẹ́ adìyẹ. Ẹlẹ́yin kan lè yàgbẹ́ tó bí ọgọ́rùn-ún gíráàmù lójúmọ́. Ọ̀nà 400, kílò 40 nìyẹn lójoojúmọ́, láàárín ọdún kan ó ti lé ní tọ́ọ̀nù 14. Gbogbo ẹ̀ là ń kó jọ sí ìta gbangba, ìrìn ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí kànga. Mo tún ń lọ ra ajílẹ̀ ní ọjà Gwagwalada!

Oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá

Òjò ìgbẹ̀yìn rọ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá, mo wọ bàtà rọ́bà, mo gbé agboòrùn, mo tẹ̀ lé omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má fi ẹ̀ẹ̀rùn yẹ ilẹ̀ yín wò, inú òjò ni kẹ́ ẹ ti rìn ín. Mo rí i pé omi tó ń bọ́ láti orí páànù ilé adìyẹ, àárín òkìtì ìgbẹ́ ló ń já sí. Omi ojú ọ̀nà ń gba àárín gáà Alhaji kọjá, funfun ló wọ̀ ọ́, ó jáde bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Màálù náà ń sọ̀ kalẹ̀ wá mu omi létí pọ́ńdì, wọ́n ń yàgbẹ́ síbẹ̀ wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀.

Mo lọ bá Alhaji. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ màálù àti oko, bí èèyàn bá gbé e gbígbóná ó lè di nǹkan míì, torí náà mo mú ẹyin kíréètì kan dání, a jókòó lórí ẹní, a kí ara wa tán, mo bu omi pọ́ńdì sínú ike, mo gbé e síwájú ẹ̀. Ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní "ruwa ya lalace", omi ti bàjẹ́. Òun fúnra ẹ̀ ló wá ń sọ fún mi pé láti ọdún tó kọjá làwọn ọmọ màálù òun ti ń yàgbẹ́ gbuuru, pé àwọn àgbà màálù ń dé etí omi wọ́n á dúró wọn ò ní mu. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un pé irú omi báyìí lè pa màálù pàápàá, nítorí oríṣi ewé omi kan wà tó ń tú oró. Ó fún un ní àpẹẹrẹ ìlú Toledo ní Ohio l'Amẹ́ríkà, oṣù kẹjọ 2014, tí wọ́n ní kí èèyàn tó tó ìdajì mílíọ̀nù má mu omi ẹ̀rọ, torí oró irú nǹkan yìí látinú adágún Erie, àgbàrá tó ń gbé ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran jáde láti inú oko ló sì ń bọ́ ọ níbẹ̀. Alhaji yẹ́ ọ̀rọ̀ náà sí, ó ní "Bayarabe, jẹ́ ká ṣe é pọ̀." Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ àwa méjèèjì ni.

Oṣù kìíní sí oṣù kẹta, 2024: iṣẹ́ gan-an

Òrùlé la kọ́kọ́ mú. Páànù ilé adìyẹ wa fẹ̀ tó square mítà 60, òjò mílímítà kan lórí square mítà kan, lítà kan ni, torí náà òjò ńlá kan tó bá jẹ́ mílímítà 50, lítà 3,000 ló ń kó sórí ìgbẹ́ yẹn, kẹ́ẹ̀gì 120. A fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ọ̀nà omi sí etí òrùlé, a fi páìpù já a sínú táǹkì. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, òun ló gba owó tó kéré jù, òun ló sì ṣe bẹbẹ jù.

Lẹ́yìn náà, ilé ìgbẹ́. A gbé e lọ sí apá kejì oko, mítà 45 sí kànga, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, búlọ́ọ̀kù ìpele mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, páànù lórí. Bíríkìlà wa ṣe gudugudu méje, àfi pé ó jẹ́ kí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì yẹn dà síta, bí wọ́n ṣe ń ṣe ilẹ̀ balùwẹ̀. Nígbà tá a da omi sí i láti fi dán an wò, gbogbo ẹ̀ ṣàn gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ilẹ̀ ilé ìgbẹ́, inú ló gbọ́dọ̀ dà sí, sí kòtò kékeré kan ní igun, kí omi dúdú tó bá ń sun jáde lára ìgbẹ́ lè gbára jọ síbẹ̀, ká máa bù ú padà sórí òkìtì. A ní láti tún un da. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta tó lọ lásán.

Ìgbẹ́ adìyẹ nìkan ò ṣe é tò jọ kó lè jẹrà di ajílẹ̀, náítírójìn inú ẹ̀ ti pọ̀ jù, á máa ta sí èèyàn nímú, èyí tó ń ta yẹn gan-an ni ajílẹ̀ tó ń sá lọ. A ń po èèpo ìrẹsì láti ilé ìlọ-ìrẹsì mọ́ ọn, pẹ̀lú èérún pákó díẹ̀ àti bọ̀tọ̀ màálù Alhaji. Mo ki irin kan bọ àárín òkìtì. Lọ́jọ́ kẹrin mo fà á yọ, mi ò lè dì í mú, mo sọ ọ́ sílẹ̀. Ooru yẹn ni à ń wá. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan là ń fi ṣọ́bìrì yí i, lẹ́yìn oṣù méjì àtààbọ̀ ó ti dúdú, ó ń rún lọ́wọ́, òórùn ẹ̀ dà bí ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò. Ọdún yẹn mi ò ra ju àpò ajílẹ̀ kan lọ.

Ti màálù: a kọ́ ọpọ́n ìmumi sìmẹ́ǹtì kan síbi tó jìn sí pọ́ńdì ní mítà 60, lápá gáà, Alhaji ló ra páìpù, èmi ni mo ra ẹ̀rọ sólà kékeré tó ń fa omi sí i. A sì gbin lápálápá yí pọ́ńdì ká, torí màálù kì í jẹ ẹ́, a fi ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún dí àárín ẹ̀ títí ó fi mú. Ọjọ́ kẹta péré làwọn màálù ti mọ ọ̀nà ọpọ́n, wọn ò tiẹ̀ bojú wo pọ́ńdì mọ́.

Oṣù kárùn-ún, 2024: ibi tó ti bàjẹ́

A gbẹ́ gọ́tà kan sókè gáà kí omi ojú ọ̀nà lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láìwọ inú ìgbẹ́. Ojú lásán la fi wọ̀n ọ́n. Òjò ńlá kejì oṣù náà dé lóru, nígbà tó fi máa di àárọ̀ gọ́tà yẹn ti ya, ó ti jìn kọjá orúnkún mi, ó gbẹ́ ara ẹ̀, ó kó gbogbo ilẹ̀ pupa yẹn dà sínú pọ́ńdì. Ẹrẹ̀ yẹn, ẹ rántí pé òun ni fọsífọ́rọ́ọ̀sì ń gùn. Omi tún di ewédú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo jókòó sí etí omi yẹn, mi ò lè sọ̀rọ̀, ìyàwó mi ló ní kí n dìde jàre, ká lọ wá bíríkìlà yẹn padà.

Ó mú rọ́bà gaara tí wọ́n fi ń wo lẹ́fẹ̀ẹ̀lì wá, tó gùn ní mítà 15, ó bu omi sínú ẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ di orí kan mú, òun di ìkejì, ibi tí omi inú rọ́bà bá dọ́gba ni wọ́n ń kan èèkàn mọ́, tí wọ́n á wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Èèkàn náà ò lọ tààrà bí a ṣe rò, ńṣe ló ń yí gba ara ilẹ̀. Ibẹ̀ la gbẹ́ gọ́tà tuntun sí, ó fẹ̀, kò jìn, a to òkúta sí ibi tó ti ń yí. Ní ìparí ẹ̀ a gbẹ́ kòtò tó ń gba ẹrẹ̀, mítà méjì ní mítà kan àtààbọ̀, kí omi rọra dúró kó ju ẹrù ẹ̀ sílẹ̀ kó tó máa lọ. Oṣooṣù là ń kó o.

Láàárín gáà àti pọ́ńdì a wá gbin koríko, ìbú mítà 8, gamba ni pẹ̀lú vetiver ní ìlà méjì. Koríko yẹn ń mú kí omi rẹ̀wẹ̀sì, ẹrẹ̀ á jókòó, gbòǹgbò á sì mu nínú náítíréètì tó ń kọjá. Alhaji ń gé gamba yẹn fún màálù, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí bí a bá gé e kúrò, a ti gbé ohun tó mu kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Oṣù kẹsàn-án, 2024, àti oṣù kejì, 2025

Ọdún kan lẹ́yìn tẹ́ja kú, kànga wá sí 100 géérégé. Àmọ́ pọ́ńdì ṣì ń ṣe ewé díẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń dà mí láàmú, torí omi tó ń wọlé ti mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ti ọ̀pá bọ ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú tó tó ìwọ̀n ọ̀gbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ló wà níbẹ̀, ìgbẹ́ ọdún márùn-ún, tí afẹ́fẹ́ bá ti tán nísàlẹ̀ ó máa ń tú fọsífọ́rọ́ọ̀sì padà sínú omi. Pọ́ńdì ń bọ́ ara ẹ̀.

Torí náà lóṣù kejì tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ, a fa omi ẹ̀ tán sórí tòmátò, a kó àrọ̀ tó kù tà, a fi wíìlìbáárò kó ẹrẹ̀ yẹn fún ọjọ́ mọ́kànlá. A tẹ́ ẹ sínú oòrùn, a rò ó mọ́ ilẹ̀ àgbàdo. Iṣẹ́ yẹn le. Ẹ̀yìn mi ò gbàgbé ẹ̀. Àgbàdo tó hù níbẹ̀ lóṣù kẹfà, àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ń dúró béèrè irúgbìn ẹ̀.

Wọ́n ti dá iléeṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn láti 2024, ó dùn mọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ni pé gáà kan, ọpọ́n ìmumi kan, kó wà kó tó di pé a ń sọ̀rọ̀ nǹkan míì. Ìyà tí omi ń jẹ nítorí àìsí ọpọ́n yẹn, ó pọ̀ ju iye tí wọ́n fi ń kọ́ ọ lọ.

Oṣù keje, 2025

Mo ti apá bọ pọ́ńdì láàárọ̀ yìí, ó kọjá ìgúnpá kí n tó pàdánù ìka mi. Epìyà tuntun ti wà níbẹ̀ láti oṣù kẹrin, mi ò tíì rí èyí tó lanu. Kànga ṣì lé díẹ̀ ní 50. Omi inú ilẹ̀ kì í yára, ohun tó wọlẹ̀ lọ́dún mẹ́rin ò ní jáde lọ́dún kan, a ò sì tíì mu ún. Ṣíṣan ilé adìyẹ àti fífọ nǹkan là ń fi ṣe.

Ohun tó kù: ẹnu páìpù ọpọ́n màálù ń jò, ẹrẹ̀ ti ń gbára jọ níbẹ̀, Alhaji ní òun máa ra fáàfù tuntun lọ́jọ́ ọjà, èmi ni màá mú òkúta ṣẹ́ẹ́rẹ́ wá tá a máa da sí abẹ́ ẹ̀. Kòtò ẹrẹ̀ ti kún dé ìdajì. Ìyàwó ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti tún lóyún, oṣù kọkànlá ni wọ́n ní yóò bí, torí náà mo ti sanwó kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta lójúmọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ní borehole títí di oṣù karùn-ún ọdún tó ń bọ̀.